Ṣé jíjẹ́ trans ló ń mú èèyàn ro ikú, àbí ohun tójú wọn ń rí láàárín èèyàn?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ dókítà. Àbúrò mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 19 pe èmi nìkan sí kọ̀rọ̀, ó ní trans lòun, ìyẹn ni pé bóun ṣe mọ ara òun ní ọkùnrin tàbí obìnrin yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n pe òun nígbà tí wọ́n bí òun, ó ní ó ti pẹ́ tóun ti mọ̀. Àwọn òbí wa ò tíì gbọ́. Látìgbà yẹn ni mo ti ń kà nípa ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí mo sì ń rí ni pé àwọn trans máa ń gbìyànjú àtipa ara wọn ju àwọn tó kù lọ. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ṣé trans yẹn fúnra ẹ̀ ló ń fà á? Tí n bá bẹ̀ ẹ́ pé kó gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, ṣé kò ní sàn fún un? Mo tún fẹ́ bi í bóyá ó ń ro ikú, àmọ́ mi ò fẹ́ kó jẹ́ èmi ni màá fi irú èrò bẹ́ẹ̀ sí i lórí."

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun gan-an ni tẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè kẹ́ ẹ tó lọ bá a sọ ohunkóhun. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tẹ́ ẹ fi parí, torí òun ni ò gbọ́dọ̀ dúró: ẹ bi í. Bíbi èèyàn bóyá ó ń ro àtipa ara ẹ̀ kì í fi èrò yẹn sí i lórí. Àwọn tó ń ṣèwádìí ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò léraléra, lọ́dọ̀ àgbà, lọ́dọ̀ ọ̀dọ́, wọn ò rí i pé ìbéèrè yẹn ń dá kún èrò ikú, ohun tí wọ́n tiẹ̀ máa ń rí ni pé ara máa ń tu ẹlòmíì díẹ̀ torí ó ti rí ẹni tó lè sọ ọ́ fún. Bẹ́ ẹ ṣe máa bi í ló ṣòro díẹ̀, màá débẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ kà yẹn, òótọ́ wà níbẹ̀ o, mi ò ní parọ́ fún yín. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe fáwọn trans ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2015, àwọn tó lé ní 27,000 ló dáhùn, 40 nínú 100 wọn ló sọ pé àwọn ti gbìyànjú àtipa ara àwọn rí, bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá kó gbogbo ará Amẹ́ríkà pọ̀ kò pé 5 nínú 100. Ní Denmark náà, wọ́n yẹ àkọsílẹ̀ ará ìlú wò láti 1980 sí 2021, èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2023, wọ́n rí i pé bí àwọn trans ṣe ń gbìyànjú àtigba ẹ̀mí ara wọn lé ní ìlọ́po 7 ti àwọn tó kù, kí wọ́n gba ẹ̀mí ara wọn kí wọ́n sì kú, ìyẹn tó ìlọ́po mẹ́ta àtààbọ̀.

Àmọ́ gbígbìyànjú àti kíkú kì í ṣe ọ̀kan náà, ibi tí àwọn èèyàn sì ti máa ń da ọ̀rọ̀ rú nìyẹn. Nínú àwọn trans tó lé ní 3,700 tí wọ́n rí nínú àkọsílẹ̀ Denmark yẹn, láàárín ohun tó lé ní 40 ọdún, èèyàn 12 ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó gba ẹ̀mí ara ẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ti pọ̀ jù lójú mi, ṣùgbọ́n mò ń sọ ọ́ torí pé àwọn kan ń gbé ìṣirò kiri bíi pé ẹni tó bá ti jẹ́ trans, ikú ni wọ́n kọ mọ́ ọn, irọ́ sì ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń gbé ayé wọn, wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń tọ́mọ, wọ́n ń dàgbà wọ́n ń darúgbó. Ẹ jọ̀ọ́, kí àbúrò yín má gbọ́ ọ lẹ́nu yín láé pé "àwọn èèyàn bíi tìẹ máa ń pa ara wọn," ì báà jẹ́ pé ìfẹ́ lẹ fi ń sọ ọ́. Ọ̀dọ́ tọ́kàn ẹ̀ ti dà rú tẹ́lẹ̀ lè gbọ́ ọ bíi pé ibi tí ọ̀rọ̀ òun máa já sí nìyẹn. Àwọn tó ń jà fún àwọn trans náà máa ń ṣe àṣìṣe yìí, wọ́n á ní "tẹ́ ẹ ò bá gbà fún un á kú," mi ò fara mọ́ ọn, torí ọmọ náà wà níbẹ̀ tó ń gbọ́.

Ó wá ku kí ló ń fà á.

Jíjẹ́ trans kì í ṣe àìsàn ọpọlọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn àìsàn ọpọlọ nínú ìwé ńlá tí wọ́n ń to orúkọ àìsàn sí, ọdún 2019 ni wọ́n fọwọ́ sí i, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2022. Kí n má bo nǹkan kan mọ́lẹ̀ ṣá, àwọn trans kan wà tí ara wọn fúnra ẹ̀ máa ń ni wọ́n lára, tí wọn ò fẹ́ wo dígí, pàápàá nígbà ìbàlágà tí ohùn ń yí tàbí tí ọyàn ń yọ, ìnira gidi ni, ó sì ní àwọn dókítà tó mọ bí wọ́n ṣe ń bójú tó o. Ṣùgbọ́n ká ní ìyẹn nìkan ni, kò yẹ kí ìyàtọ̀ tó pọ̀ tó báyìí wà láàárín trans tí àwọn èèyàn ẹ̀ dúró tì àti trans tí wọ́n lé sọ́nà. Ìyàtọ̀ yẹn sì pọ̀ gan-an.

Ní ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà, ìròyìn kan jáde lọ́dún 2012 nípa àwọn ọ̀dọ́ trans tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 16 sí 24. Wọ́n bi wọ́n bóyá àwọn òbí wọn dúró tì wọ́n dáadáa lórí ohun tí wọ́n jẹ́. Lára àwọn tó ní bẹ́ẹ̀ ni, 4 nínú 100 ló gbìyànjú àtipa ara ẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú. Lára àwọn tí òbí wọn ò dúró tì bẹ́ẹ̀, 57 nínú 100. Ẹ tún un kà. Trans làwọn méjèèjì, ìpínlẹ̀ kan náà ni, ọjọ́ orí kan náà. Òótọ́ ni pé àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n bi ò pọ̀, òótọ́ náà ni pé irú ìwádìí báyìí ò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé èyí ló fa tọ̀hún, àmọ́ ibi kan náà ni àwọn ìwádìí míì ń kọrí sí, ọ̀kan lẹ́yìn òmíì. Lọ́dún 2018, wọ́n wo ọ̀dọ́ trans 129, wọ́n bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti ń fi orúkọ tí wọ́n yàn fúnra wọn pè wọ́n, nílé ni o, níléèwé ni o, níbi iṣẹ́, láàárín ọ̀rẹ́. Ibi kan péré tó bá lé sí i, èrò ikú á fi 29% dín kù, kéèyàn wá gbìyànjú ẹ̀ á fi 56% dín kù. Orúkọ lásán o! Ohun tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó jáde lọ́dún 2024, tí wọ́n fi wo ọ̀dọ́ trans tó lé ní 61,000 ní Amẹ́ríkà: láwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ṣòfin tó ń fi ẹ̀tọ́ du àwọn trans, àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbìyànjú àtipa ara wọn pọ̀ sí i lẹ́yìn tí òfin náà jáde, àfikún yẹn sì wà láàárín 7% sí 72%, ó dá lórí ọjọ́ orí wọn àti bí òfin náà ṣe pẹ́ tó. Ara àwọn ọmọ yẹn ò yí padà lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí òfin. Ohun tó wà láyìíká wọn ló yí padà.

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Ilan Meyer ló tò ó fún wa lọ́dún 2003, ó ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àtàwọn obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin nígbà yẹn, Hendricks àti Testa wá mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn trans lọ́dún 2012. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé gbogbo wa pátá la ní másùnmáwo, owó ò tó, iṣẹ́ le, ara ò yá, olólùfẹ́ já wa sílẹ̀. Trans náà ní gbogbo ìyẹn. Lórí ẹ̀ ni wọ́n tún wá gbé ẹrù kejì lé e, ẹrù tó jẹ́ pé torí ẹni tó jẹ́ nìkan ni wọ́n ṣe gbé e fún un, kò sì sí ibi tó ti lè sọ ọ́ kalẹ̀.

Apá kan ẹrù yẹn la lè fojú rí: èébú, ìlù, lílé kúrò nílé, iṣẹ́ tí wọn ò gbà á sí, nọ́ọ̀sì tó ń pe ẹlòmíì wá wò ó. Apá kejì ló máa ń ká mi lára jù torí ẹnikẹ́ni kì í rí i. Ẹ wo ẹni tó fẹ́ lọ gba nǹkan lọ́fíìsì kan lásán. Kó tó kúrò nílé ó ti ro ọ̀nà tó máa gbà. Ó ti pinnu pé òun ò ní mu omi torí òun ò fẹ́ wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn, èwo ló máa wọ̀, ta ló máa pariwo lé e lórí. Ó dé ẹnu káńtà, wọ́n ní kó mú káàdì ẹ̀ wá, orúkọ ara káàdì ò bá ojú ẹ̀ mu, akọ̀wé gbójú sókè, ó wo káàdì, ó tún wò ó, àwọn tó wà lórí ìlà lẹ́yìn ti dákẹ́ wọ́n ń gbọ́. Akọ̀wé náà lè má bú u o. Ó lè kàn dá káàdì padà fún un kó ní kó lọ jókòó. Ṣùgbọ́n àyà ẹ̀ ti já, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, alẹ́ ọjọ́ yẹn kò ní rí oorun sùn, tó bá sì padà sílé tí wọ́n bi í "báwo lọ́hùn-ún?" á ní "ó dáa." Bó ṣe máa ṣe lọ́la nìyẹn, àti ọ̀tunla. Ẹni tí ẹnikẹ́ni ò bú lónìí ti fi gbogbo ọjọ́ ṣọ́ ara ẹ̀. Tó bá wá pẹ́, ohun táwọn èèyàn ń sọ nípa ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí ohùn tara ẹ̀, òun náà á máa sọ fún ara ẹ̀ pé ohun ìríra lòun. Ibẹ̀ ló ti ń léwu.

Onímọ̀ míì, Thomas Joiner, kọ ọ́ lọ́dún 2005 pé èrò méjì ló máa ń pàdé lọ́kàn ẹni tó ń ro ikú, èyí kì í ṣe tàwọn trans nìkan, ti gbogbo èèyàn ni. Èkíní, "mi ò ní èèyàn." Èkejì, "mo kàn ń ni wọ́n lára ni, ara á tù wọ́n tí mi ò bá sí." Ẹ wá gbé ohun táwọn ẹbí sábà máa ń sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. "O ti kó ìtìjú bá wa." "Ṣé o fẹ́ pa ìyá ẹ ni?" "Má padà wálé títí ojú ẹ á fi là." Ẹni tó ń sọ ọ́ rò pé òun ń fi ọ̀rọ̀ líle dá ọmọ padà sọ́nà, ohun tọ́mọ ń gbọ́ sì ni èrò méjèèjì yẹn gan-an, látẹnu ẹni tó yẹ kó já a nírọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kẹ́ ẹ má bẹ̀ ẹ́ pé kó gbàgbé. Kò ní gbàgbé, á kàn fi pamọ́ fún yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tó sọ ọ́ fún á wá di ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣọ́ ara ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Tí ẹnikẹ́ni bá sì ní kẹ́ ẹ mú un wá kí wọ́n fi àdúrà tàbí ìmọ̀ràn yí i padà, ẹ sá. Wọ́n ti wo ìyẹn náà nínú àwọn tó dáhùn ìwádìí 2015 yẹn, èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2020: àwọn trans tí wọ́n ti gbìyànjú àtiyí padà báyìí ló ń gbìyànjú àtipa ara wọn jù, kò sì sí ìyàtọ̀ bóyá onímọ̀ ló ṣe é tàbí olórí ẹ̀sìn. Àwọn tí wọ́n ṣe é fún kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 10 ni tiwọn burú jù. Mi ò sọ ọ́ torí àtibú ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni, ẹ lè máa gbàdúrà fún àbúrò yín lójoojúmọ́, kí ẹ̀mí ẹ̀ gùn, kó rí ojú rere níbi tó bá lọ. Kẹ́ ẹ má fi òun fúnra ẹ̀ ṣe ohun tẹ́ ẹ ń gbàdúrà kúrò nílẹ̀ ni mò ń sọ.

Kò dìgbà tí gbogbo ẹ̀ bá yé yín kẹ́ ẹ tó dúró tì í. Àwọn èèyàn máa ń rò pé àwọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lóye, kí àwọn sì ti pinnu èrò àwọn lórí gbogbo ẹ̀, oògùn, iṣẹ́ abẹ, òfin, kí àwọn tó lè sọ fún ọmọ ìyá àwọn pé "mo wà lẹ́yìn ẹ." Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ bi í orúkọ tó fẹ́ kẹ́ ẹ máa fi pe òun tó bá ku ẹ̀yin méjèèjì, kẹ́ ẹ sì máa fi pè é. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé, ẹ tún un pè kẹ́ ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ, ẹ má sọ ọ́ di ẹ̀bẹ̀ gígùn tí òun náà á tún wá máa rẹ̀ yín lẹ́kún.

Ti àwọn òbí yín, ẹ má sọ fún wọn. Mo mọ̀ pé ó lè máa wù yín, pàápàá tẹ́rù bá ń bà yín, àmọ́ ẹyin lọ̀rọ̀, ẹ ò lè kó o padà tó bá ti bọ́ nílẹ̀. Ọmọ ọdún 19 ṣì lè jẹ́ pé àwọn òbí ló ń san owó iléèwé ẹ̀, ilé wọn ló ń gbé, tí wọ́n bá lé e jáde lálẹ́ ọjọ́ yẹn ńkọ́? Òun ló máa pinnu bóyá wọ́n á gbọ́, ìgbà tí wọ́n á gbọ́, àti ẹni tó máa wà níbẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ lè bá a ṣe ni kẹ́ ẹ jọ rò ó tẹ́lẹ̀: tí ọ̀rọ̀ náà bá jáde tí kò sì dáa, ibo ló máa sùn, ta ló máa gbé owó sílẹ̀, ibo ni ìwé ẹ̀rí ẹ̀ wà. Ohun kan ṣoṣo tó lè mú kẹ́ ẹ gbé ọ̀rọ̀ jáde láìgba àṣẹ ẹ̀ ni tí ẹ̀mí ẹ̀ bá wà nínú ewu lójú ẹsẹ̀, nígbà yẹn náà, ọ̀rọ̀ ewu yẹn lẹ máa sọ, kò pọn dandan kẹ́ ẹ sọ ti trans.

Bẹ́ ẹ ṣe máa bi í wá nìyí. Ẹ wá ibi tẹ́nì kan ò ti ní já lù yín, ó lè jẹ́ níbi tẹ́ ẹ ti jọ ń rìn, ó máa ń rọ àwọn ọ̀dọ́ lọ́rùn tí ẹ ò bá tẹjú mọ́ra yín. Ẹ má bi í pé "o ò kúkú ń ro ìròkurò, àbí?" torí ìbéèrè yẹn ti gbé "rárá" sí i lẹ́nu. Ẹ sọ ọ́ gbangba: "Mo ti ń ronú nípa ẹrù tó wà lọ́rùn ẹ. Ìgbà míì téèyàn bá wà nínú irú ẹ̀, ó máa ń ro ó pé kóun pa ara òun. Ṣé ó máa ń wá sí ẹ lọ́kàn? Kò sí èyí tóo sọ tó máa bí mi nínú." Kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn ló máa ń ṣòro jù, ẹ fara dà á, ẹ má fi ọ̀rọ̀ dí i.

Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má wàásù, ẹ má sọ pé "ṣé o fẹ́ bà wá nínú jẹ́ ni." Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ tó sọ fún yín. Ẹ bi í bóyá ó ti ro bó ṣe máa ṣe é, bóyá ó ti dá ọjọ́, bóyá ohun tó fẹ́ lò wà nítòsí. Tó bá ti ní ètò tàbí ọjọ́, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan fún ìṣẹ́jú kan, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ń gba àwọn aláìsàn pàjáwìrì, tàbí kẹ́ ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì ibi tẹ́ ẹ wà tàbí ti àwọn tó ń ran ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀mí ara ẹ̀ lọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì kó ohunkóhun tó lè fi ṣe ara ẹ̀ léṣe kúrò nílé. Ẹ má fojú kéré kíkó nǹkan kúrò nílé yẹn o, wákàtí tí èrò yẹn máa ń le jù kì í sábà pẹ́, tí ohun tó máa lò ò bá sí lárọ̀ọ́wọ́tó, ọ̀pọ̀ ló ń kọjá wákàtí yẹn láàyè.

Tó bá jẹ́ èrò ló kàn ń wá tó ń lọ, tí kò ní ètò, ẹ jọ jókòó kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, sórí fóònù tàbí ìwé: kí ló máa ń ṣáájú kí èrò náà tó dé, kí ló máa ń mú ọkàn ẹ̀ kúrò níbẹ̀, ta ló lè pè láàárín òru, dókítà wo, nọ́ńbà wo. Àwọn onímọ̀ méjì, Stanley àti Brown, ló ṣètò irú ìwé báyìí, ọ̀pọ̀ hòsípítù ló ń lò ó. Kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu tiẹ̀ ló wà níbẹ̀, kì í ṣe tiyín. Kẹ́ ẹ sì bá a wá àwọn trans míì tó ti dàgbà jù ú lọ, kó rí ẹni 40 ọdún, ẹni 60 ọdún tó wà láàyè tó ń ṣiṣẹ́ tó ń rẹ́rìn-ín, kò sí ọ̀rọ̀ tí èmi tàbí ẹ̀yin lè sọ tó máa tó ìyẹn.

Kẹ́ ẹ tó mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà tàbí onímọ̀ nípa ọkàn, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè, láìdárúkọ àbúrò yín. Ẹ ní ẹ ní èèyàn kan tó jẹ́ trans tí ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀, báwo lẹ ṣe máa ń tọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀? Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bóun ṣe máa wò ó sàn kó má jẹ́ trans mọ́, ẹ dúpẹ́ kẹ́ ẹ gé fóònù. Tó bá béèrè oorun ẹ̀, oúnjẹ ẹ̀, ààbò ẹ̀, ẹni tó ń dúró tì í, ẹ gba déètì.

Tó bá sì sọ fún yín pé rárá, òun ò ro ikú, ẹ gbà á gbọ́, kẹ́ ẹ tún bi í lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, pàápàá tẹ́ ẹ bá rí i tó ń pín ohun ìní ẹ̀, tí kì í sùn mọ́, tó ń mutí ju ti tẹ́lẹ̀, tàbí tára ẹ̀ ṣàdédé balẹ̀ lẹ́yìn ìbànújẹ́ tó ti pẹ́. Ẹ̀yin náà, ẹ wá onímọ̀ kan tẹ́ ẹ lè máa bá sọ̀rọ̀, torí àṣírí yìí wúwo. Tẹ́ ẹ bá ti bi í tán, tí ohun tó sọ bá sì rú yín lójú, ẹ tún kọ̀wé sí mi.